Alága Àjà Kẹrin

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èémí èèyàn ti ń tán lórí àtẹ̀gùn, kó má wulẹ̀ lọ bi dókítà. Alága ni kó bi. Alága mọ ibẹ̀, ó gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ó sì ń ta omi tútù níbẹ̀.

Àjà kẹrin ni. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà méje ni ilé náà, wọ́n kọ́ ọ nígbà tí àwọn èèyàn ṣì gbà pé ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti rì mọ́ inú ògiri kì í bàjẹ́. Lífíìtì rẹ̀ ti kú. Ìsàlẹ̀ ló kú sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí díẹ̀ bí ẹnu ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó wá gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni gbogbo ayálégbé fi ń gòkè. Ní àjà kìíní, wọ́n á ṣì máa tàkúrọ̀sọ. Ní àjà kejì, ẹ̀rín á dínkù. Tí wọ́n bá dé àjà kẹta, kálukú á dákẹ́, á máa bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tó bá wá di àjà kẹrin, kò sí akíkanjú kankan mọ́: ọwọ́ á di irin àtẹ̀gùn mú, ẹnu á là, ojú á máa wá ibi tí ìdí lè gbà. Ibi tí ìdí lè gbà yẹn ni Alága fi ń jẹun.

Kì í ṣe ọgbọ́n orí ló fi mọ̀ ọ́n o. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, bàtà iṣẹ́ kan tí ìdí rẹ̀ ti lu àti ọṣẹ díẹ̀ tó ti sán ni wọ́n kó fún un. Ó kó wọn sínú àpò, ó ní kóun gun òkè lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin tó ń gbé ní àjà keje, kóun lọ sunkún díẹ̀ níbẹ̀. Ó dé àjà kẹrin, orúnkún rẹ̀ ní òun ò lọ mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jókòó tì í, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní, "Bí mo bá rí ẹni ta omi fún mi níbí, màá gbàdúrà fún un títí ilẹ̀ á fi ṣú." Ọkùnrin kan dé, omi lòun náà ń bèèrè. Ẹkún tí Alága fẹ́ lọ sun gbẹ mọ́ ọn lójú. Nígbà tó fi di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti gbé kúlà síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ọjà ṣe bẹ̀rẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ ń tà, ó fi ẹlẹ́rìndòdò kún un, ó fi bisikíìtì kún un, ó wá fi ìpara tí wọ́n fi ń ra orúnkún kún un. Bẹ́ǹṣì ló kàn, ó ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Káfíńtà ní ta ló máa jókòó sílẹ̀ tó báyẹn. Alága ní kó ṣáà gé e. Ẹni tó bá jókòó jìn sílẹ̀ kì í tètè dìde, ẹni tí kò bá sì tètè dìde á ra nǹkan kejì.

Nígbà tí ẹgbẹ́ ayálégbé wá fẹ́ yan ẹni tí yóò máa bá onílé fa ọ̀rọ̀ lífíìtì, ta ni kí wọ́n tún yàn? Ọkùnrin tó ń gbọ́ ìráhùn wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n yàn, tó ń mi orí, tó ń kẹ́dùn, tó sì ń fún wọn ní ṣéńjì. Wọ́n fi ajá ṣọ́ ẹran, wọ́n tún dìbò fún ajá. Àjà kejì ni Alága ń gbé. Nígbà mìíràn tó bá dá wà, á rántí ìbò yẹn, á sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí ikọ́ á fi gbé e.

Ìpàdé kì í wáyé níbòmíràn ju ojú àtẹ̀gùn àjà kẹrin lọ. Alága ló dá a lábàá. Ó ní ibẹ̀ ló wà láàárín, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ ni pé ọ̀fun ẹni tó ń bínú máa ń gbẹ ju ti ẹni tó ń gun òkè lọ.

"Alága, onílé ti gbà o," Tíṣà tó ń gbé àjà kẹfà sọ níbi ìpàdé kan. Obìnrin gíga kan ni, tó máa ń gbé àpò ìwé iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gòkè bí ẹni gbé ọmọ tuntun. "Ó lóun á tún lífíìtì ṣe, kí gbogbo ilé ṣáà fẹnu kò pé a ó jọ máa dá owó iná rẹ̀. A ti fẹnu kò. Kí ló tún kù?"

"Ẹnu tèmi ò sí níbẹ̀," Onígbàjámọ̀ dáhùn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ló ń sùn. "Ṣé kí lífíìtì máa gbé mi láti orí ibùsùn lọ sídìí dígí ni? Èmi kì í gòkè. Èyí tí mo gùn wá sípàdé yìí gan-an, ẹ̀mí mi ṣì kù ní àjà kejì."

"Ìwọ nìkan lo dínà mọ́ gbogbo wa!"

"Ẹ̀yin lẹ lọ kọ́ ìtẹ́ sókè bí ẹyẹ. Ṣé èmi ni mo rán yín?"

Ariwo sọ. Alága gbé ọwọ́ sókè, ó dúró títí gbogbo ojú fi wà lára rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ilé mi," ó ní, "ẹnì kan ṣoṣo náà, èèyàn ni. Bí a bá fipá mú Onígbàjámọ̀ lónìí, ta la máa fipá mú lọ́la? Mo mọ ìyà tó ń jẹ yín. Ìṣojú mi ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n fi ipá tún ṣe, kì í tòrò. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù títí ohùn wa á fi ṣọ̀kan. Ẹ bá mi fún Onígbàjámọ̀ lómi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Tíṣà tó ń bínú pàápàá pàtẹ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Onígbàjámọ̀ di ike omi mú, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lójú òun náà, nítorí kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Nígbà tó mu omi náà tán, Alága gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó máa ń ya Alága lẹ́nu bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dùn tó bá ń parọ́. Bí òótọ́ bá ń dùn lẹ́nu òun tó báyìí, ó rò ó, òun ì bá ti dá ìjọ sílẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, nǹkan náà sì wà ní àjà keje. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Aránṣọ ni. Nígbà tí àwọn òbí wọn kú, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni wọ́n fi sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rere tí kò ṣeé sè. Lọ́jọ́ kan, okùn awọ tó ń yí ẹ̀rọ náà já. Kò sówó òmíràn. Ẹ̀gbọ́n wo inú yàrá yíká, ó wo ògiri, ó wo àbúrò rẹ̀, ó ní, "Bọ́ bẹ́líìtì ṣòkòtò rẹ." Odidi sáà ẹ̀kọ́ kan, ọwọ́ òsì ni Alága fi ń di ṣòkòtò mú lọ síléèwé. Bí olùkọ́ bá ní kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, á kúkú yàn láti jẹgba. Àwọ̀ ilẹ̀ ni bẹ́líìtì náà, ihò kẹta rẹ̀ ló ti fàya. Ó ṣì rántí. Ó sì rántí pé ẹ̀rọ náà yí, àwọn sì jẹun.

Ẹsẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi tẹ ẹ̀rọ láti ìgbà náà ló jẹ orúnkún rẹ̀. Láti ìgbà tí lífíìtì ti kú, kò sọ̀ kalẹ̀ rí. Àwọn oníbàárà ló ń gun òkè lọ bá a, torí ọwọ́ rẹ̀ mọ́: aṣọ tó bá rán kì í fà lábíyá, kì í sì í sún kì. Alága ló ń ra òwú àti síìpù lọ fún un.

Ọ̀sán kan báyìí, ó gbé òwú gòkè lọ, ó bá Ẹ̀gbọ́n lójú fèrèsé. Ó fi igbáàyà lé etí fèrèsé, ó na ọrùn síta, ojú rẹ̀ ò kúrò ní títì.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wò?"

"Ilẹ̀ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ìwọ náà rí i? Àwọn kan ń lọ, àwọn kan ń bọ̀."

Ohùn yẹn wọ Alága lára. "Ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àbí?"

"Ta ni kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ilẹ̀?" Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Lífíìtì yín ńkọ́, Alága ilé?"

"À ń bá a fà á. Onígbàjámọ̀ ni kò gbà."

"Ẹ má fipá mú un o!" Ẹ̀gbọ́n yára sọ ọ́. "Ẹ ní sùúrù. Èèyàn lòun náà."

Ọ̀rọ̀ tí Alága fi ń tan gbogbo ilé jẹ ló ti ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde yìí, láìsí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀, bó ṣe rò. Obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́ ló tún ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó há a mọ́ òkè. Alága kó òwú sílẹ̀, ó sáré jáde. Nígbà tó dé ìdí ọjà rẹ̀, bàbá arúgbó kan ti wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kó ra ìpara. Alága tà á fún un, ṣùgbọ́n kò gbádùn ún.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ tó ò fi jẹun?" ìyàwó rẹ̀ bi í lálẹ́ ọjọ́ náà.

"Ẹ̀rí ọkàn ni."

"Tìẹ?" Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Níbo lo ti rí i?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n tún lífíìtì ṣe. Nítorí Ẹ̀gbọ́n."

Ìyàwó wò ó láti òkè délẹ̀. Ibi ìfọṣọ lòun ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ ìyàtọ̀ láàárín àbàwọ́n tó máa lọ àti èyí tí kò ní lọ. "Bí lífíìtì bá ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa dúró ní àjà kẹrin mọ́. Ṣó o mọ̀? Owó tí mò ń mú wálé ò lè bọ́ àwa méjèèjì. Kí la máa jẹ?"

"Ọlọ́run á ṣe é."

"Ó ti dé Ọlọ́run," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ọ̀rọ̀ yìí le."

Alága ò sùn dáadáa. Ká sọ òótọ́, kì í ṣe ìbẹ̀rù ebi nìkan ni kò jẹ́ kó sùn. Ó ń rí ara rẹ̀ lójú àlá bí gbogbo ilé ṣe pé lé e lórí, tí Ẹ̀gbọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láti inú lífíìtì bí ọlọ́lá, tó na ọwọ́ sí i tó ní, "Àbúrò mi yìí ni." Àlá náà dùn débi pé ó tún un lá.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ bá Onígbàjámọ̀. Onígbàjámọ̀ ń gẹ irun ọkùnrin kan lọ́wọ́.

"Onígbàjámọ̀," Alága bẹ̀rẹ̀, "mo wá bá ẹ sọ̀rọ̀ lífíìtì. Ro ti àwọn arúgbó ilé yìí."

"Arúgbó lèmi náà."

"Ro ti àwọn aboyún."

"Ta ló fún wọn lóyún? Èmi kọ́."

Ẹni tó jókòó lórí àga rẹ́rìn-ín, Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ gbá a lórí pé kó jókòó jẹ́ẹ́. Alága wòye. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ rere kan ilẹ̀kùn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ rere. Ó sún àga mọ́ ọn.

"Ilẹ̀kùn lífíìtì yẹn, ibo ló kọjú sí?"

"Ṣọ́ọ̀bù mi ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀."

"Bó bá gbé èèyàn lọ sókè, àwọn tó kù nísàlẹ̀ ńkọ́?"

"Wọ́n á dúró dè é ni."

"Ẹni tó bá wá ń dúró, tí kò rí nǹkan kan ṣe, tí dígí ńlá rẹ yìí ń wò ó lójú?"

Ẹ̀rọ ìgẹrun dúró láàárín orí oníbàárà.

"Á rí i," Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà, "pé irun òun ti kún."

"Ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi ńkọ́?" oníbàárà ké.

Ibi tó yẹ kí Alága dákẹ́ sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ti dùn mọ́ ọn. "Gbé bẹ́ǹṣì síta fún wọn," ó ní. "Má jẹ́ kó ga. Ẹni tó bá jókòó jìn sílẹ̀, kì í tètè dìde. Gbé kúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀..." Ó gé ahọ́n rẹ̀ jẹ. Ó ti pẹ́ jù. Onígbàjámọ̀ ti ń fi ojú wọn ibi tí kúlà máa wà.

Bí ohùn gbogbo ilé ṣe ṣọ̀kan nìyẹn. Ohun tí ìpàdé oríṣiríṣi ò lè ṣe, dígí ṣe é.

Mẹkáníìkì lífíìtì dé, ó rì sínú ihò rẹ̀, ó ń gbá irin, ó ń bú ẹni tó ṣe irin. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, iná pupa tan lórí ilẹ̀kùn, gbogbo ilé sì pé sísàlẹ̀. Tíṣà gòkè sórí àga Onígbàjámọ̀, ó ní:

"Ẹ gbọ́! Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà lórí àtẹ̀gùn ló bá wa ja ìjà lífíìtì! Ó gé oúnjẹ ara rẹ̀ fún wa! Irú èyí ò sí mọ́!"

Àtẹ́wọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ògiri. Ó dùn ju ti ojú àlá lọ. Ó wá dùn débi pé ojú ti Alága.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi gan-an ni mo ń fa ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí. Mo fẹ́ máa tajà mi ni."

"Ẹ wo ìrẹ̀lẹ̀!" ẹnì kan kígbe. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Lẹ́yìn náà wọ́n wọ lífíìtì, ọ̀wọ́ dé ọ̀wọ́, wọ́n ń juwọ́ sí i. Alága gba orí àtẹ̀gùn padà sídìí kúlà rẹ̀. Ó gbọ́ bí lífíìtì ṣe ń kọjá lẹ́yìn ògiri, vùùù, bí àna tó ń bínú tó kọjá tí kò kí ni. Ó tún kọjá. Ó tún kọjá. Yìnyín inú kúlà ń yọ́. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó yára ṣí ìdérí kúlà. Mẹkáníìkì lífíìtì ni, ó gbé àpótí irinṣẹ́ léjìká, ó ń làágùn.

"Kí ló dé tí ẹ ò wọ lífíìtì?" Alága bi í.

"Lífíìtì wo? Èyí tí mo tún ṣe?" Mẹkáníìkì jókòó, ó sì na ọwọ́ fún omi. "Alága, mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé."

Òun nìkan ni oníbàárà ọjọ́ náà.

Ó ku ibi kan tí Alága ti lè rí ère rẹ̀ gbà. Ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó fi ìbẹ̀rùbojo wọ lífíìtì, ó lọ sí àjà keje láti lọ gba ọpẹ́.

Yàrá Ẹ̀gbọ́n kún. Kò bá a bẹ́ẹ̀ rí. Obìnrin kan ń yí aṣọ kan po lọ́wọ́, ó ní, "Ìyẹn pọ̀ jù, Àǹtí. Aránṣọ kan wà ní títì kejì, kì í gba ìdajì èyí." Òmíràn ní òun kàn ní kóun wá yẹ̀ ẹ́ wò ni. Ọkùnrin kan ní kí wọ́n pe iye tuntun, ìyẹn tí wọ́n pè ò bá òun lára mu. Nígbà tí wọn ò tètè dá a lóhùn, ó ní ó dàbọ̀, ó wọ lífíìtì, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n rí Alága lẹ́nu ọ̀nà. Ojú tó fi wò ó, kì í ṣe ojú ọpẹ́. Nígbà tí èrò túká, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n?"

"Mo ní ta ló rán ẹ níṣẹ́ lífíìtì!"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ń wo ilẹ̀ lójú fèrèsé? Ẹ ń mí kanlẹ̀!"

"Oníbàárà mi ni mò ń wò! Obìnrin tó fẹ́ rán aṣọ iṣẹ́ fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló ní òun ń bọ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn!"

"Ẹ ní ta ni kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun kan ilẹ̀."

"Kí ni kí n wí? Kí n ní mi ò fẹ́? Ṣé orí mi ti yí ni?" Ẹ̀gbọ́n jókòó gbì sórí àga ẹ̀rọ rẹ̀. "Gbọ́, ìwọ ọmọ yìí. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ gun òkè dé ọ̀dọ̀ mi, kò lókun tó fi máa ná ọjà mọ́. Màá pe iye, á mi orí. Bó bá tiẹ̀ fẹ́ bínú lọ, á dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, á wo àtẹ̀gùn tó fẹ́ sọ̀, á ro òmíràn tó tún máa lọ gùn, á sì padà wá jókòó. Bí mo ṣe ń jẹun nìyẹn láti ìgbà tí lífíìtì ti kú! Ṣé o rí ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ yẹn? Ó ní ó dàbọ̀! Ta ló ń kí mi ní ó dàbọ̀ tẹ́lẹ̀?"

Alága wo ẹnu ilẹ̀kùn náà. "Àtẹ̀gùn lèmi náà fi ń jẹun," ó ní.

"Mo mọ̀! Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má fipá mú Onígbàjámọ̀ nìyẹn. Mo máa ń jókòó síbí, màá gbọ́ pé ẹ ti sún ìpàdé síwájú, màá ní, ọmọ ìyá mi gbọ́n, tiwa ló ń ṣe. Àṣé o lè bàjẹ́ tó báyìí!"

"Mo rò pé oore ni mo ń ṣe yín."

"Èmi lò ń ṣe é fún, àbí kí wọ́n lè máa pè ẹ́ léèyàn gidi?"

Alága ronú sí i. Ó fẹ́ dáhùn bó ṣe máa ń dáhùn níbi ìpàdé, ṣùgbọ́n ohùn dídùn náà ò wá.

"Apá kan, ẹ̀yin ni," ó ní.

"Apá kejì ńkọ́?"

"Mo ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn kí wọ́n tó pa á."

Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó pa ẹnu pọ̀, ó fún un pa, ó yí ojú sí ògiri. Ejìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó yá ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ, ó ń sọ pé, "Ẹ̀yin èèyàn! Ó gé oúnjẹ ara rẹ̀, ó tún gé tèmi mọ́ ọn!" Alága náà ń rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí ibi tí ẹ̀rín wà níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ẹnì kan fi kanlẹ̀kùn. Obìnrin kan ló wọlé, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi gèlè wé ọrùn. Ọ̀rẹ́ Ẹ̀gbọ́n ni, láti ìgbà ọmọge. Àyà rẹ̀ kì í gba kó gun òkè, nítorí náà láti ìgbà tí lífíìtì ti kú, inú títì ló máa ń dúró sí tó bá ń kọjá, á juwọ́ sókè, Ẹ̀gbọ́n á juwọ́ sísàlẹ̀, ó parí. Wọ́n di ara wọn mú. Ẹ̀gbọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ pé, "O ti rù, o ti rù," ọ̀rẹ́ náà ń sọ pé, "Ìwọ ti sanra fún àwa méjèèjì."

Wọ́n jókòó. Wọ́n bi ara wọn nípa ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Nígbà tó ṣe, ọ̀rẹ́ yọ aṣọ kan jáde nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí itan.

"Bùláòsì ni mo fẹ́. Èló lo máa gbà?"

Ẹ̀gbọ́n pe iye.

"Háà! Ojú tí mi ò rí láti ọjọ́ yìí, ohun tí o fẹ́ fi kí mi káàbọ̀ nìyẹn?"

"Ọ̀rẹ́ lọ̀tọ̀, òwú lọ̀tọ̀."

"Gé e kúrò níbẹ̀. Gé e! Ṣé o rò pé mo gun àtẹ̀gùn wá ni? Èémí mi pé o!"

Wọ́n ná an, wọ́n ná an. Ọ̀rẹ́ dìde bí ẹni fẹ́ lọ, Ẹ̀gbọ́n fa aṣọ rẹ̀ padà. Ẹ̀gbọ́n búra pé òun ò ní gé e mọ́, ó tún gé e. Ó pàdánù, ó hàn gbangba pé ó pàdánù, ojú rẹ̀ sì ń dán bíi ti ẹni tó ṣẹ́gun. Alága rí i. Oore tí wọn ò gbà pé èèyàn ṣe, kò yẹ kó máa fọwọ́ tọ́ka sí i.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ fẹ́ lọ, Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ń wá bàtà.

"Mò ń sìn ín sísàlẹ̀," ó ní. "Kì í ṣe pé mo fẹ́ rìn o. Mo fẹ́ lọ wo ibi tí mo lè gbé pátákó mi kọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé mo wà lókè yìí." Ó kó ẹ̀wù kan tí kò tíì ní bọ́tìnnì lé Alága lọ́wọ́. "Ìwọ tó ò níṣẹ́ mọ́, jókòó kó o gán bọ́tìnnì yìí."

"Èló lẹ máa san fún mi?"

"Gba ti àtẹ̀gùn lọ sísàlẹ̀, kó o tún gbà á padà wá, ká wá ná an."

Ilẹ̀kùn lífíìtì pa dé mọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì. Alága jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ń fi okùn wá ojú abẹ́rẹ́. Ó ti gán bọ́tìnnì díẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ti wọ́, nígbà tí ọkùnrin kan yọjú, ó mú ṣòkòtò tí orúnkún rẹ̀ ya dání. Kò làágùn. Èémí rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Èló lẹ máa fi lẹ èyí?"

Alága na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pe iye tí Ẹ̀gbọ́n ò tíì pè rí láyé rẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yí padà, ó tẹ lífíìtì. Ó dé wẹ́rẹ́, ó sì wọ inú rẹ̀.

"Ẹ dúró ná! Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ná ọjà!" Alága sáré jáde, òun tí kò tẹ̀lé oníbàárà débì kankan rí láyé. Ó gé iye náà. Ọkùnrin náà mi orí. Ilẹ̀kùn fẹ́ pa dé. Alága ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láàárín, ilẹ̀kùn fún un lẹ́sẹ̀, ó tún ṣí. Ó tún gé e. Ọkùnrin náà pe tirẹ̀. Alága ní orí ẹni tó kọ́ ọ ní ọjà kò pé. Ọkùnrin náà ní tí ẹsẹ̀ Alága ò bá dùn ún, òun náà ò kánjú. Ilẹ̀kùn tún fún ẹsẹ̀ náà. Agogo lífíìtì ń dún, ó ń dún, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn nísàlẹ̀.

"Ta ló di lífíìtì mú lókè?" ohùn Tíṣà gba inú ihò náà wá.

"Alága ni o!" ọkùnrin oníṣòkòtò ké padà fún un. "Ó ń tajà!"

"Ẹ ní sùúrù!" Alága kígbe mọ́ wọn lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láàárín ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ di ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan mú. "Ó ku díẹ̀ kó gbà!"